Super League àti Ìbínú Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Super League bá tún ti yọjú ni àwọn ìbéèrè kan náà máa ń tẹ̀ lé e. A kó wọn jọ síhìn-ín, a sì fi èyí tó rọrùn ṣáájú èyí tó díjú.

Kí gan-an ni wọ́n ń pè ní Super League?

Ìdíje tuntun ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 12 kan, tí wọ́n wà lára àwọn tó lówó jù ní Yúróòpù, kéde ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Wọ́n fẹ́ yọ ara wọn kúrò nínú Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó ga jù ní Yúróòpù, tí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ń darí, kí wọ́n máa bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì máa kópa nínú líìgì orílẹ̀-èdè wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ́ 20 ni ìbá máa kópa lọ́dọọdún. Nínú wọn, 15 ni wọn yóò pè ní olùdásílẹ̀, àyè àwọn wọ̀nyí kò sì ní yẹ̀ láé, ìbáà ṣe pé wọ́n gbégbá orókè tàbí wọ́n gbẹ̀yìn. Àyè márùn-ún péré ló kù tí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ní Yúróòpù yóò máa du. Báńkì JP Morgan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn ètò ìnáwó náà, wọ́n sì kéde pé àwọn olùdásílẹ̀ yóò gba 3.5 bílíọ̀nù yúrò.

Àwọn ẹgbẹ́ wo ló fọwọ́ sí i?

Mẹ́fà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Arsenal, Chelsea, Liverpool, Manchester City, Manchester United àti Tottenham Hotspur. Mẹ́ta wá láti Sípéènì: Real Madrid, Barcelona àti Atlético Madrid. Mẹ́ta wá láti Ítálì: Juventus, Inter Milan àti AC Milan. Florentino Pérez, ààrẹ Real Madrid, ni alága. Andrea Agnelli ti Juventus àti Joel Glazer ti Manchester United ni igbákejì rẹ̀. Wọ́n ń retí mẹ́ta sí i tí yóò mú iye olùdásílẹ̀ pé 15, ṣùgbọ́n Bayern Munich, Borussia Dortmund àti Paris Saint-Germain kọ̀ láti bá wọn lọ.

Kí ló dé tí inú fi bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ló fa ìbínú náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù ti mọ̀ tipẹ́ pé owó ló ń darí eré yìí: wọ́n ti rí i bí owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń gòkè, wọ́n ti rí i bí àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń ra ẹgbẹ́ àdúgbò wọn, wọ́n sì ti rí i bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń yí ọjọ́ àti àkókò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ padà láìbi wọ́n. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n fara mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ tì pa ni wọn kò lè fara mọ́.

Nínú bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa a máa gòkè, èyí tó bá ṣe búburú a sì máa já wálẹ̀. Orí ìlànà yìí ni gbogbo ìrètí olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kékeré dúró lé, òun náà ló sì ń fa gbogbo ìbẹ̀rù olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ńlá. Leicester City gba ife-ẹ̀yẹ Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn oníkálòkálò ti fún wọn ní 5,000 sí 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìyẹn ni pé wọn kò rò pé wọ́n lè gbà á rárá. Nottingham Forest gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù (tó ti di Champions League báyìí) lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ní 1979 àti 1980, láìpẹ́ rárá sí ìgbà tí wọ́n jáde láti líìgì kejì. Bí ìdíje kan bá wá sọ pé àwọn 15 kan kò lè pàdánù àyè wọn láé, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro púpọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńláńlá náà yóò sì di eré ìdárayá lásán nítorí pé kò sí ohun tí ẹni tó fìdí rẹmi yóò pàdánù.

Àkókò náà tún dá kún un. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìkéde, ipò kẹsàn-án ni Arsenal wà ní líìgì, Leicester City àti West Ham sì wà lókè òun àti Tottenham. Tottenham kò tíì gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1961. Nínú àwọn 12 náà, Arsenal, Tottenham, Manchester City àti Atlético Madrid kò tíì gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù rí nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ Ajax tó ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti Porto tó ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì kò sí lára àwọn tí a pè sí ìpàdé. Ta ló wá fi wọ́n jẹ oyè ọlọ́lá? Ìbéèrè yìí gan-an ló ń jáde lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ ní gbogbo ìlú.

Ṣé kì í ṣe àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kékeré nìkan ló ń jowú?

Rárá o. Àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ pariwo, àwọn tí ìbá jẹ̀gbádùn rẹ̀ jù. Àwọn alátìlẹ́yìn Arsenal sọ pé ikú ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ eré ìdárayá nìyẹn. Nínú ìwádìí èrò tí iléeṣẹ́ YouGov ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kejì ìkéde, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló tako ètò náà, ìdá 14 péré ló sì fara mọ́ ọn.

Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní àyè títí ayé ni ẹni tí wọ́n gba adùn ìjàkadì lọ́wọ́ rẹ̀. Olólùfẹ́ Liverpool tó ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró de ife-ẹ̀yẹ líìgì, tó sì wá rí i gbà ní 2020, mọ ohun tí à ń sọ yìí dáadáa.

Àwíjàre wo ni àwọn tó dá a sílẹ̀ wí?

Pérez lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Sípéènì lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní àwọn fẹ́ gba bọ́ọ̀lù là ni. Ó ní àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti gbọ́n owó àwọn ẹgbẹ́ gbẹ, pé àwọn ọ̀dọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí bọ́ọ̀lù mọ́, àti pé bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a dín àkókò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kù. Ìṣòro owó tó wí kì í ṣe irọ́. Gbèsè tó wà lọ́rùn Barcelona nìkan ti lé ní bílíọ̀nù kan yúrò. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ béèrè pé ta ló fi owó ra agbábọ́ọ̀lù ju agbára rẹ̀ lọ, tó wá ń ké pé ebi ń pa òun.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó dùn wọ́n wọ eegun. Ìròyìn kàn pé láàárín àwọn tó ṣètò Super League, wọ́n ń pe àwọn tó ń lọ sí pápá ìṣeré láti ọdún pípẹ́ ní olólùfẹ́ àtijọ́, tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ olólùfẹ́ ọjọ́ iwájú. Nígbà tó yá, orí aṣọ àti orí pátákó ni orúkọ yẹn wà, tí àwọn arúgbó àti ọ̀dọ́ ń gbé kiri.

Níbo ni wọ́n ti rí èrò pé kí ẹgbẹ́ má lè já wálẹ̀?

Láti Amẹ́ríkà ni. Nínú eré ìdárayá ńlá ibẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó ń já wálẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹgbẹ́ ti ra àyè nínú líìgì pẹ̀lú rẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́fà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lọ́wọ́ àwọn olówó tó ní ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà: ìdílé Glazer ló ni Tampa Bay Buccaneers, iléeṣẹ́ John W. Henry, tó ni Liverpool, ló ni Boston Red Sox, Stan Kroenke, tó ni Arsenal, ló sì ni Los Angeles Rams, èyí tó kó kúrò ní ìlú St. Louis lọ sí Los Angeles ní 2016. Àwọn olólùfẹ́ Arsenal kò gbàgbé ìkólọ yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwọ́de.

Àmọ́ kí a má di gbogbo ẹrù lé àwọn ará Amẹ́ríkà lórí. Ará Sípéènì ni alága, ará Ítálì sì ni Agnelli, ẹni tó ti béèrè ní gbangba ní ọdún 2020 bóyá ó tọ́ kí Atalanta, ẹgbẹ́ Ítálì mìíràn, wọ Champions League nítorí sáà kan ṣoṣo tó dára, láìní ìtàn ńlá kankan ní Yúróòpù. Èrò náà ti wà nínú ilé tipẹ́.

Kí ni àwọn olólùfẹ́ ṣe gan-an ní ọjọ́ mélòó kan yẹn?

Kí a rántí pé àwọn pápá ìṣeré ṣófo nígbà náà nítorí àrùn Kòrónà. Òfin ìdènà àrùn náà kò jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ wọlé láti bú ẹnikẹ́ni. Ní Liverpool, àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ti ta àsíá wọn sórí ìjókòó tó ṣófo ní apá Kop kí ó lè dúró fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n ní àwọn yóò kó àsíá wọn kúrò. Lójú tèmi, kò sí ìwọ́de kankan tó sọ̀rọ̀ tó ìkóásíá yẹn: ẹni tí kò sí nínú ilé rí ọ̀nà láti jáde kúrò níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, Liverpool lọ bá Leeds United gbá bọ́ọ̀lù ní Elland Road. Àwọn olólùfẹ́ péjọ síta, wọ́n dáná sun aṣọ Liverpool, àwọn agbábọ́ọ̀lù Leeds sì wọ aṣọ tí a kọ ọ́ sí pé ti olólùfẹ́ ni bọ́ọ̀lù, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ Champions League fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á. Ọ̀mì ni wọ́n ta, 1 sí 1, ṣùgbọ́n ta ló rántí ayò?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ohun gbogbo yí padà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan olólùfẹ́ Chelsea dí ọ̀nà níwájú Stamford Bridge kí wọ́n tó bá Brighton gbá, tí ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù kò lè kọjá. Petr Čech, aṣọ́lé wọn tẹ́lẹ̀ tó ti di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ náà, fúnra rẹ̀ jáde wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn láyè, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n dúró sí ni ìròyìn ti dé bá wọn pé Chelsea fẹ́ yọwọ́, ariwo ayọ̀ sì gba ojú pópó. Manchester City ló kọ́kọ́ kéde ìyọwọ́ rẹ̀ ní kíkún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Ní Ọjọ́rú, Atlético, Inter àti AC Milan tẹ̀ lé wọn, Agnelli sì gbà pé ètò náà kò lè tẹ̀ síwájú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ló wó o.

Ìhà wo ni àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ sí i?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí ìkéde fi jáde. James Milner ti Liverpool sọ lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Leeds pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, òun sì nírètí pé kò ní wáyé. Ní ọjọ́ kejì, balógun ẹgbẹ́ náà, Jordan Henderson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Marcus Rashford ti Manchester United gbé àwòrán pátákó kan síta tó sọ pé bọ́ọ̀lù kò já mọ́ nǹkan kan láìsí olólùfẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àná náà kò dákẹ́. Ìbínú Gary Neville lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú wà lára ohun tó kọ́kọ́ ta ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ jí.

Kí ló dé tí àwọn ẹgbẹ́ Jámánì kò fi dara pọ̀?

Ní Jámánì, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní 50+1: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìdajì ìbò àti ẹyọ kan lé e nínú ìṣàkóso ẹgbẹ́ wọn, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ní Bayern, ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wà. Olórí ẹgbẹ́ tó bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìbi àwọn olólùfẹ́ yóò pàdé wọn ní ìpàdé ọdọọdún, wọn yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ náà ló ni Real Madrid àti Barcelona. Kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi dúró ti Super League pẹ́?

Ìbéèrè gidi nìyí, òun ló sì máa ń tú àṣírí àwọn tó rò pé kí olólùfẹ́ ṣáà ti ni ẹgbẹ́, gbogbo nǹkan á tòrò. Níní ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí níní agbára láti yọ ẹni tó ń darí rẹ̀. Ní Real Madrid, ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún 20 ọdún, ó sì gbọ́dọ̀ fi dúkìá ara rẹ̀ dúró fún ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ẹgbẹ́ náà. Mélòó nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìkéde Super League ni Pérez tún wọlé láìsí ẹnikẹ́ni tó bá a du ipò.

Ti Barcelona yàtọ̀ díẹ̀. Joan Laporta ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà, gbèsè sì ti bo ẹgbẹ́ náà mọ́lẹ̀; ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àwọn kan ta pátákó ìtakò sí Camp Nou, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló wo gbèsè náà tí wọ́n sì dákẹ́. Ariwo tó pọ̀ jù ní Sípéènì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí a kò pè, bíi ti Cádiz, tí wọ́n fi ìwọ́de pàdé Real Madrid ní Ọjọ́rú.

Ṣé olólùfẹ́ ló pa Super League, tàbí ìjọba àti UEFA?

Gbogbo wọn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìbá yára tó bẹ́ẹ̀ láìsí olólùfẹ́. Ààrẹ UEFA, Aleksander Čeferin, pe àwọn kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ejò (òun ni bàbá ìsàmì fún ọmọ Agnelli, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ti di ti ìdílé), ó sì halẹ̀ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kò ní lè gbá fún orílẹ̀-èdè wọn mọ́. Ìjọba Boris Johnson, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní òun yóò lo gbogbo òfin tó bá wà níkàáwọ́ òun. Emmanuel Macron, ààrẹ Faransé, yin àwọn ẹgbẹ́ Faransé tó kọ̀.

Kí a wò ó dáadáa ṣá: olóṣèlú kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbò nínú. UEFA náà ní ọjà tirẹ̀ tó ń dáàbò bò. Àwọn olólùfẹ́ kò gbàgbé pé àjọ tó wá di alágbàwí wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti ń bá jà lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ìdíje. Ìṣọ̀kan ọjọ́ mẹ́ta ni, kì í ṣe ìgbéyàwó.

Kí ló dé tí ìwọ́de kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí wọ́n yọwọ́?

Nítorí pé Super League kàn ṣí ọgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olólùfẹ́ Arsenal kún iwájú pápá Emirates kí wọ́n tó bá Everton gbá, wọ́n sì ń ké pé kí Kroenke ta ẹgbẹ́ náà. John W. Henry ti Liverpool ti gbé fídíò àforíjì síta kó tó di ìgbà náà.

Ti Manchester United ló le jù. Láti ọdún 2005 tí ìdílé Glazer ti fi owó yíyá ra ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n sì di gbèsè yẹn rù ú, ni àwọn olólùfẹ́ ti ń bá wọn jà, tí wọ́n ń wọ àwọ̀ ewé àti wúrà, àwọ̀ Newton Heath tí í ṣe orúkọ tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, wọ́n yí Old Trafford àti ilé ìtura tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wà ká, àwọn kan já wọ orí pápá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Liverpool kò sì lè wáyé mọ́. Ọjọ́ 13 oṣù náà ni wọ́n tó gbá a, Liverpool sì borí pẹ̀lú 4 sí 2. Àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn pín sí méjì lórí jíjá wọ pápá: àwọn kan ní ìwà jàgídíjàgan ni, àwọn mìíràn ní 16 ọdún ni àwọn fi kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ìyà wo ni wọ́n fi jẹ àwọn ẹgbẹ́ náà?

Ìyà tí kò dun ẹnikẹ́ni nínú wọn púpọ̀. Àwọn mẹ́sàn-án tó bá UEFA làjà gbà láti jọ dá mílíọ̀nù 15 yúrò fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé àti ti ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí nínú ìdíje Yúróòpù fún sáà kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ san mílíọ̀nù 22 pọ́n-ùn, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá tún dán an wò yóò san mílíọ̀nù 25, wọn yóò sì yọ àmì 30 lára tirẹ̀ nínú líìgì. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yòókù fẹ́ kí wọ́n yọ àmì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà dáhùn pé ta ni ìyà yẹn ìbá jẹ bí kì í bá ṣe àwọn tó gba òjò lọ ṣe ìwọ́de?

Ṣé Premier League fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìyapa àwọn olówó?

Òun ni. Ẹgbẹ́ 22 ló yapa kúrò lára Football League ní 1992 kí wọ́n lè dá owó tẹlifíṣọ̀n jẹ. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àlàfo tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ kò fẹ̀ sí i láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò ṣe é fojú fò: ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú Premier League ṣì ń já wálẹ̀, ẹni tó bá wá láti ìsàlẹ̀ sì ń gòkè. Ìyẹn ni àwọn olólùfẹ́ fi gbà á mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí ẹgbẹ́ tó ń já ń rí gbà nísinsìnyí ti mú kí ìgòkè ṣòro gan-an fún àwọn yòókù.

Àwọn olólùfẹ́ tó ń wò ó láti òkèèrè ńkọ́? Ṣé àwọn náà kò fẹ́ kí Real Madrid máa pàdé Liverpool lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Àwọn kan fẹ́ ẹ, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò lè dé pápá ìṣeré láé, tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní, kò ní ìdí láti ṣọ̀fọ̀ ìrìn-àjò alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí ìlú kékeré kan. Orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó dá Super League sílẹ̀ gbé ìṣirò wọn lé. Wọ́n ṣì í ṣá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ òkèèrè bá ti ilé fi ohùn ṣọ̀kan. Ohun tó fà wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ wọn ni ìtàn àti ìjàkadì rẹ̀, àti orin tí àwọn tó wà ní pápá ń kọ. Bọ́ọ̀lù dídùn tí kò ní ewu nínú kì í pẹ́ sú ni.

Mo gbọ́ pé ilé ẹjọ́ dá Super League láre ní 2023. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ àgbà àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé òfin tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, àti UEFA fi ń béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó dá ìdíje sílẹ̀ lòdì sí òfin ìdíje ọjà, nítorí pé kò sí ìlànà tó hàn gbangba tó sì dọ́gba fún gbogbo èèyàn nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà sọ ọ́ kedere pé èyí kò túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí Super League.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, iléeṣẹ́ A22 tó ń ṣe agbẹnusọ fún ètò náà gbé tuntun jáde: ẹgbẹ́ 64 nínú ìpele mẹ́ta, pẹ̀lú ìgòkè àti ìjáwálẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìjáwálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kéde lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn kò bá wọn lọ.

Ṣé ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún lè dán an wò?

Òfin ti dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì ìkéde 2021 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò kan tí aṣòfin Tracey Crouch darí, tí wọ́n ti gbọ́ ohùn àwọn olólùfẹ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Láti inú rẹ̀ ni òfin ìṣàkóso bọ́ọ̀lù ti 2025 ti wá, èyí tó dá àjọ aláṣẹ tó dá dúró sílẹ̀ fún ìpele márùn-ún òkè ti bọ́ọ̀lù ọkùnrin. Àjọ náà lè fòfin de ìdíje tí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dara pọ̀ mọ́, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ tẹnu olólùfẹ́ kó tó yí àwọn nǹkan kan padà, bí àmì-ìdánimọ̀ àti àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ti béèrè fún irú àjọ yìí ṣáájú 2021, ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn.

Champions League tuntun tó ní ẹgbẹ́ 36, ṣé kì í ṣe Super League ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé?

Ìbéèrè tí àwọn aláṣẹ UEFA kò fẹ́ràn láti gbọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kejì ìkéde Super League gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí ètò náà, nígbà tí ojú gbogbo ayé wà níbòmíràn. Nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìbá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ní ìpele àkọ́kọ́, àyè méjì yóò sì wà fún ẹgbẹ́ tó bá ní ìtàn rere ní Yúróòpù láwọn ọdún tó ti kọjá, bí kò tilẹ̀ ṣe dáadáa tó nílé. Àwọn olólùfẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀kùn kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé wọn kò tì í tán. Wọ́n pariwo, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2022, UEFA dín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kù sí mẹ́jọ, wọ́n sì yọ àyè ìtàn kúrò.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ ṣì ju mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń san owó ìrìn-àjò yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ tó bá wọlé ṣì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ gbà á. Ní 2025, ipò kẹtàdínlógún ni Tottenham ṣe nínú Premier League, lókè àwọn mẹ́ta tó já gan-an. Wọ́n wọ Champions League nítorí pé wọ́n na Manchester United 1 sí 0 ní Bilbao nínú àṣekágbá Europa League, ìdíje UEFA tó tẹ̀ lé Champions League.